Kí Òǹgbẹ Tó Gbẹni: Omi Mímu àti Agbára Iṣẹ́ Òòjọ́

Omi ni ohun àkọ́kọ́ tí onílé Yorùbá ń gbé síwájú àlejò. Kí a tó bèèrè ohun tí àlejò bá wá, kí a tó gbọ́ bí ilé àti ọ̀nà ti rí, a ó ti bu omi tútù fún un. Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Ọgbọ́n tí ó wà nídìí àṣà yìí sì ju ìwà ọmọlúàbí lásán lọ. Ẹni tí ó rin ìrìn-àjò dé ti pàdánù omi lójú ọ̀nà, nínú òógùn àti nínú èémí; ara rẹ̀ ń fẹ́ ohun tí yóò fi dí i kí ó tó lè jókòó sọ ọ̀rọ̀ tí ó ní láárí.

Ohun ìyanu ni pé onílé tí kì í jẹ́ kí òǹgbẹ gbẹ àlejò lè máa fi òǹgbẹ pa ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Kí a fi olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó jí ní agogo 5 ìdájí, ó sáré wẹ̀, ó mu ife tíì kékeré kan, ó sì wọkọ̀. Láti agogo 8 títí di agogo 2 ọ̀sán ni ó ń dúró níwájú ọmọ, tí ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ òrùlé páànù nínú ooru. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán gangan, orí ti ń fọ́ ọ, oorun ti ń kùn ún, ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan sì ti tó láti mú un kanra mọ́ ọmọ. Ó ní ibà ni, tàbí pé iṣẹ́ ni ó pọ̀ jù. Ó ju oògùn ẹ̀fọ́rí sẹ́nu, ó sì fi ìwọ̀n omi kan gbé e mì. Bóyá omi yẹn ni omi àkọ́kọ́ tí ó kan ọ̀fun rẹ̀ láti òwúrọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ibà wà lára rẹ̀ nítòótọ́, àyẹ̀wò ni yóò sì fi èyí hàn. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe bákan náà pé omi ni ara rẹ̀ ń bèèrè tí kò rí gbà.

Omi nínú ara

Nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ìwúwo àgbàlagbà ọkùnrin ni ó jẹ́ omi. Ti obìnrin dín díẹ̀ sí èyí. Ti ọmọ tuntun tó ìdá 75. Ọkùnrin tí ó wúwo tó kílógíráàmù 60 ń gbé nǹkan bí lítà omi 36 kiri nínú ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń gbé oúnjẹ dé gbogbo ẹ̀yà ara, òun náà ni ó ń kó ohun tí kò wúlò kúrò. Iṣẹ́ kíndìnrín méjèèjì sì dà bí iṣẹ́ obìnrin tí ó ń fi aṣọ sẹ́ ògì. Lójúmọ́, wọ́n ń sẹ́ nǹkan bí lítà 180 láti inú ẹ̀jẹ̀. Ara kò ní omi tó bẹ́ẹ̀. Omi kan náà ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá léraléra. Wọ́n a dá èyí tí ó pọ̀ jù lọ padà sínú ẹ̀jẹ̀, lítà kan sí méjì péré a sì jáde bí ìtọ̀.

Ìtọ̀ nìkan kọ́ ni ọ̀nà tí omi ń gbà jáde. Èémí ń gbé e jáde, awọ ara ń gbé e jáde láìjẹ́ pé ènìyàn mọ̀, ìgbẹ́ náà ń gbé díẹ̀ lọ. Nígbà tí ènìyàn bá ń ṣiṣẹ́ agbára nínú oòrùn, òógùn nìkan lè tó lítà kan ní wákàtí kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà ọyẹ́ ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù. Afẹ́fẹ́ tutù, òógùn kò hàn lára, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbẹ náà ni ó ń fa omi láti ètè, láti imú àti láti awọ, bí ó ti ń gbẹ aṣọ tí a sá sórí okùn.

Bí omi bá ń dín kù, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í ki. Apá kékeré kan wà nínú ọpọlọ tí ó ń ṣọ́ èyí tọ̀sán-tòru. Bí ó bá ti rí ìyípadà díẹ̀, a rán hòmóònù kan tí a ń pè ní vasopressin sí kíndìnrín pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí omi lọ mọ́. Ìdí nìyí tí ìtọ̀ ẹni tí kò mu omi fi máa ń pọ́n, tí ó sì máa ń kéré. Ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ omi ná nígbà tí ẹni tí ó ni ara kò tíì ronú kan omi rárá. Bí àìtó yìí bá ń pọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń yí ara ká a dín kù, ọkàn a ní láti máa sáré sí i kí ó lè ṣe iṣẹ́ tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀, ooru inú ara kò sì ní rí ọ̀nà jáde bí ó ti yẹ. Iṣẹ́ kan náà a wá wúwo ju ti àná lọ.

Òǹgbẹ kì í tètè dé

Ẹnìkan lè wí pé ṣebí òǹgbẹ wà, nígbà tí ó bá gbẹ ènìyàn, yóò mu omi. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó ní ìlera, tí ó jókòó síbi tí kò gbóná, tí omi sì wà nítòsí rẹ̀, lè fi òǹgbẹ ṣe atọ́nà láìséwu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nínú ooru ń kọ́? E. F. Adolph, ti Yunifásítì Rochester ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ ogun nínú aṣálẹ̀ Kalifọ́níà ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sì tẹ ìwé nípa rẹ̀ jáde ní 1947. Wọ́n rí i pé àwọn ọkùnrin tí omi wà lọ́wọ́ wọn, tí ẹnikẹ́ni kò dí lọ́wọ́ láti mu ún, kì í mu tó ìwọ̀n tí wọ́n ń làágùn dànù. Ìgbà tí wọ́n bá jókòó ti oúnjẹ ni wọ́n tó ń dí èyí tí ó kù. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Kì í ṣe pé omi kò sí. Òǹgbẹ ni kò sọ gbogbo òtítọ́.

Ti àwọn àgbàlagbà tún le ju èyí lọ. Ní 1984, àwọn oníṣègùn ní Oxford tẹ ìròyìn ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti fi omi du àwọn ọ̀dọ́kùnrin 7 àti àwọn bàbá 7 tí ara wọn le, fún wákàtí 24. Nígbà tí a gbé omi dé, àwọn bàbá náà ni òǹgbẹ kò gbẹ tó bẹ́ẹ̀, àwọn ni wọ́n sì mu díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara tiwọn pẹ̀lú nílò omi. Nítorí náà, bí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà bá wí nínú ilé pé òǹgbẹ kò gbẹ òun, kí a má ṣe fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀. Kí a bu omi wá, kí a kúnlẹ̀, kí a sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mu díẹ̀.

Ohun tí àìtó omi ń ṣe sí ọpọlọ

Omi kò ní agbára nínú bí iyán tàbí ẹ̀bà ti ní in. Ẹni tí omi ara rẹ̀ pé, tí ó tún ń da omi mu sí i, kò lè torí bẹ́ẹ̀ di alágbára. Ohun tí omi ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí agbára tí ó wà lára ṣòfò. Ní Yunifásítì Connecticut, a ṣe ìwádìí méjì tí ìròyìn wọn jáde ní 2011 àti 2012, ọ̀kan lórí ọ̀dọ́kùnrin 26, èkejì lórí ọ̀dọ́bìnrin 25. Omi tí ara wọn pàdánù kò tó ìdá 2 nínú 100 ìwúwo wọn, èyí tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ iṣẹ́ kan. Ìṣọ́ra àwọn ọkùnrin dín kù, wọ́n ń ṣe àṣìṣe sí i níbi ìdánwò tí a fi wo bí ojú wọn ti lajú sí iṣẹ́, ó sì rẹ̀ wọ́n. Ti àwọn obìnrin, èsì ìdánwò ọpọlọ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n orí fọ́ wọn, inú wọn kò dùn, iṣẹ́ náà le lójú wọn ju bí ó ti rí lọ, ó sì ṣòro fún wọn láti fi ọkàn sí ohun kan. Ẹni tí ó bá ti jókòó nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ní ọ̀sán oṣù Kẹta mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ọgbọ́n inú àmù

Nínú agbo ilé àtijọ́, omi mímu kò gba ìrònú. Àmù wà ní kọ̀rọ̀ ilé, a fi ọmọrí dé e, ahá wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ó ń wọlé ń rí i, ẹni tí ó ń jáde ń rí i. Amọ̀ tí a fi mọ ọ́n ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Omi díẹ̀díẹ̀ ń gba ibẹ̀ yọ sí ẹ̀yìn ìkòkò, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, bí ó sì ti ń lọ ni ó ń mú ooru omi inú ìkòkò dání. Ìdí nìyẹn tí omi àmù fi ń tutù láìsí iná mànàmáná, pàápàá jù lọ nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Àgbẹ̀ tí ó bá ń lọ sóko a gbé akèrègbè omi kọ́ èjìká pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá. Iṣẹ́ àti omi jọ ń jáde nílé ni.

Ìgbésí ayé òde òní tú ètò yìí ká. Akọ̀wé jókòó sí ibi tí kò sí àmù, akẹ́kọ̀ọ́ ń ti yàrá ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn, omi sì di ohun tí a ń sọ̀kalẹ̀ lọ rà nínú ọ̀rá. Kì í ṣe ìmọ̀ ni ó sọnù; ohun tí ó ń rán ènìyàn létí ni ó kúrò lójú. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí omi mímu tún mọ́ òun lára gbọ́dọ̀ tún àmù gbé kalẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn.

Bí ohun kan ṣe ń mọ́ni lára

Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London wádìí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọ̀ ènìyàn 96 fún ọ̀sẹ̀ 12. Ìròyìn wọn jáde ní 2009. Olúkúlùkù yan ohun kékeré kan tí yóò máa ṣe lójoojúmọ́ ní àkókò kan náà, irú bí mímu ife omi kan. Ní ìdajì àwọn tí a lè ka ọjọ́ wọn, ó gbà tó ọjọ́ 66 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ kí ohun náà tó mọ́ wọn lára. Fún àwọn kan ọjọ́ 18 ni, fún àwọn mìíràn ìṣirò fi hàn pé yóò tó ọjọ́ 254. Wọ́n tún rí i pé ẹni tí ó bá gbàgbé lẹ́ẹ̀kan kò ba iṣẹ́ jẹ́. Kí ó ṣáà padà sí i ní ọjọ́ kejì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ohun tí a lè rí fàyọ nínú èyí ni pé kí ènìyàn má ṣe pinnu lásán pé òun yóò máa mu omi púpọ̀. Kí ó so omi mọ́ ohun tí ó ti mọ́ ọn lára tẹ́lẹ̀. Ife kan lẹ́yìn tí ó bá fọ ẹnu tán ní òwúrọ̀. Ife kan kí ó tó ti ilẹ̀kùn ilé. Ife kan nígbà tí aago ìsinmi bá lù. Ife kan pẹ̀lú oúnjẹ. Ife kan nígbà tí ó bá wọlé ní ìrọ̀lẹ́, bí ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ àlejò. Kí ìgò omi wà lórí tábìlì níbi tí ojú yóò ti máa rí i, kí ó má ṣe wà nínú àpò. Mùsùlùmí tí ó ń gba ààwẹ̀ lè pín tirẹ̀ láàárín ìṣínu àti sààrì, dípò kí ó dà á mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí afẹ́mọ́júmọ́ tó dé.

Ìwọ̀n tí ó tó

Ọ̀rọ̀ tí ó gbajúmọ̀ ni pé dandan ni kí olúkúlùkù mu ife omi 8 lójúmọ́. Ní 1945, ìgbìmọ̀ kan tí ó ń rí sí oúnjẹ ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé lítà 2.5 ni ó tọ́ fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ náà fi kún un pé inú oúnjẹ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ènìyàn gbá gbólóhùn àkọ́kọ́ mú kí wọ́n sì fi èkejì sílẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Heinz Valtin yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní 2002, kò rí ẹ̀rí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kankan lẹ́yìn ife 8 fún gbogbo ènìyàn. Àjọ tí ó ń ṣọ́ oúnjẹ ní Yúróòpù fi òdiwọ̀n lélẹ̀ ní 2010: lítà 2 fún obìnrin, lítà 2.5 fún ọkùnrin, tí a ti ka omi inú oúnjẹ mọ́ ọn, níbi tí ooru kò ti pọ̀ jù. Ẹ̀kọ mímu, ọbẹ̀, ọsàn àti ìbẹ́pẹ wà nínú ìṣirò yìí. Tíì àti kọfí pẹ̀lú wà níbẹ̀ bí a kò bá mu wọ́n ní àmujù. Ọtí kò sí nínú rẹ̀, nítorí pé ó ń dí vasopressin lọ́wọ́, ó sì ń lé omi jáde. Nílẹ̀ olóoru, ẹni tí ń làágùn nílò ju òdiwọ̀n wọ̀nyí lọ. Òṣùwọ̀n tí ó rọrùn jù wà lọ́wọ́ olúkúlùkù: bí ìtọ̀ ọ̀sán bá mọ́ tàbí tí ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, omi tó; bí ó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kí ó mu sí i.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹni tí ó bá ń da omi mu ju èyí tí kíndìnrín lè lé jáde lọ lè mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jò jù, èyí sì lè pa ènìyàn. Nínú àwọn eléré ìje 488 tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lẹ́yìn eré ọ̀nà jíjìn ti Boston ní 2002, ìdá 13 nínú 100 ni iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí àìsàn ọkàn tàbí ti kíndìnrín bá ń ṣe, dókítà rẹ̀ ni kí ó sọ ìwọ̀n fún un.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò nílò omi rárá, ooru ìbáà mú bí ó ti lè mú. Omi ni ó pọ̀ jù nínú ọmú ìyá rẹ̀, omi tí a bá sì fún un lè gbé àrùn wọ inú rẹ̀. Bí ọmọ tí ó ti kúrò ní ìkókó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, omi àti iyọ̀ ni ó ń ti ara rẹ̀ lọ, àìtó wọn ni ó sì ń pa á. Kí a wá ìyẹ̀fun tí àwọn olùtọ́jú ìlera ń fúnni láti pò. Bí kò bá sí, kí a po ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, tí a rẹ́ orí wọn dọ́gba, sínú lítà kan omi tí ó mọ́, kí a máa fún un díẹ̀díẹ̀, kí a sì máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Irú omi báyìí ni Dókítà Dilip Mahalanabis fi gba ẹ̀mí púpọ̀ là lọ́wọ́ àrùn onígbáméjì nínú àgọ́ àwọn tí ogun lé ní Bangladesh sí India ní 1971.

Ẹni tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀ ni ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Bí omi bá dín kù nínú ara rẹ̀, àwọn èèyà pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a ki, wọn a tẹ̀ bí dòjé, wọn a sì há sínú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín. Ìrora tí ó ń dá ọmọ náà dùbúlẹ̀ nìyẹn. Kíndìnrín rẹ̀ pẹ̀lú kò lè ṣọ́ omi ná bí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà ni ó fi ń tọ̀ léraléra, tí omi sì ń yára tán lára rẹ̀. Olùkọ́ tí kò mọ èyí lè rò pé alárìnkiri ni ọmọ náà, kí ó sì ní kí ó jókòó. Nípa bẹ́ẹ̀, láìmọ̀, ó lè máa tì í sí ọ̀nà ilé ìwòsàn. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìgò omi tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, kí ó sì ní àyè láti jáde láìtọrọ nígbà méjì.

Omi tí ó mọ́, àti ibi tí a ó ti tọ̀

Omi tí a ń gba ènìyàn níyànjú láti mu gbọ́dọ̀ mọ́. Àwọn ará Ìbàràpá tí ó dàgbà kò ní gbàgbé sòbìà, tí ó ń wọ inú ènìyàn láti inú omi adágún, tí ó sì ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, tí àgbẹ̀ kò fi ní lè dé oko. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, kànga tí ó dára àti ìkìlọ̀ tí kò dáwọ́ dúró ni ó ṣẹ́gun rẹ̀, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi jẹ́rìí ní 2013 pé ó ti tán ní Nàìjíríà. Álọ́ọ̀mù a máa jẹ́ kí omi rò, ṣùgbọ́n kò pa kòkòrò àrùn. Omi tí ó bá ń fura sí, kí a sè é kí ó hó dáadáa.

Ìdènà kan ṣì kù tí ìmọ̀ràn nìkan kò lè ká. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ọmọbìnrin àti olùkọ́bìnrin mọ ìdí tí wọn kò fi ń mu omi: kò sí ibi tí ó bójú mu tí wọ́n ó ti tọ̀. Òǹgbẹ ni wọ́n yàn dípò ìtìjú. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ kí ọmọ mu omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ ilé ìyàgbẹ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì. Lẹ́yìn ìyẹn, àmù kan tí ó ní ọmọrí ní ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ìpọnmi tí ó ní ọwọ́ gígùn, àti ife tirẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ohun tí ó ju agbára ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ lọ. Àwọn baba wa kò dúró de òǹgbẹ kí wọ́n tó gbé àmù kalẹ̀. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.